Ogójì Ọjọ́ sí Kánò

Bàálù kan fò kọjá lórí Mápó lánàá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò ní pé wákàtí mẹ́ta tó fi máa dé Kánò, ó sì ń fọ́nnu bí ẹni pé òun ló ń wà á. Mo rántí bàbá mi, tó máa ń fi ogójì ọjọ́ rìn dé ibẹ̀ láti lọ ta obì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Bẹẹrẹ, ìyá mi ń fi ewé tútù di obì náà sínú agbọ̀n, òórùn ewé gba gbogbo ilé.

"Baba Ràbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin," ó ní. "Ọjọ́ méjì péré lẹ ó fi dé."

Bàbá mi tu èérún obì sílẹ̀. "Ẹrù ni wọ́n ń kó báyẹn. Èèyàn gidi a máa yà lọ́nà, a máa kí ará."

Èmi náà yínmú sí ọkọ̀ ojú irin, mo sì ń yínmú sí i títí mo fi dàgbà.

Ọjọ́ fídáù bàbá mi ni ọmọ mẹ́ta kan ti Bídà dé, tí ojú wọn kò yàtọ̀ sí tèmi. Ìyá mi wò wọ́n títí.

"Abájọ," ó ní, "tí ọ̀nà Kánò fi jìn."