Ọjọ́ Tí Mùsílímátù Kó Ìgbìmọ̀ Lọ Sí Ọjà Olúwo

Ibi tí gbogbo èèyàn bá ti fajú ro, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti máa ń pa Mùsílímátù Mojúbàolú. Ó ti rẹ́rìn-ín níbi ìwàásù rí. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n ń bá a bẹ ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, létí ọ̀sà, Ìkòròdú ló lọ́kọ sí, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Itamaga ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní Sóṣà.

Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn olùkọ́ kan jókòó pinnu ohun tí ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ̀ nínú Sóṣà káàkiri ìpínlẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kíá. Àwọn tíṣà yòókù ní ọ̀gá kàn fẹ́ sinmi ni.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti pàdé. Alága wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbé ilé àyágbé ní Ìkòròdú, tó máa ń so táì mọ́rùn pinpin. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa títí wọ́n fi dé gbólóhùn kan: "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè dárúkọ ọjà pàtàkì kan ní agbègbè rẹ̀." Alága ní kí wọ́n fi àpẹẹrẹ kan tì í.

"Ọjà Olúwo," ni Àlhájì Tìrìmísíyù wí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ pọ́nńbélé.

"Ìkòròdú ò lọ́jà ni?" ni Waliyah, tíṣà kan láti Ìgbògbò ní Ìkòròdú, fi dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ di iyàn, iyàn di ariwo. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí Mùsílímátù. Àlhájì ní ọmọ àwọn ni, kó sọ òótọ́. Waliyah ní ìyàwó àwọn ni, kó má gbàgbé ibi tó ń sùn.

"Ẹ̀yin àgbà," ni Mùsílímátù wí, "kí lọmọ fẹ́ fi orúkọ ọjà ṣe? Ẹ jẹ́ kó lọ sọ́jà, kó bi àgbàlagbà ní ìbéèrè, kó wá sọ ohun tó gbọ́ fún wa."

"Ta ló mọ̀ bóyá ìyẹn ṣeé ṣe?" ni alága wí.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò, sà. Olúwo ò jìnnà síbí."

Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó rí alága tó ki fáìlì bọ abíyá, tó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó yẹ kó ní, "Ẹ fi fáìlì yẹn sílẹ̀, sà." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún híjáàbù rẹ̀ wé, ó tẹ̀lé wọn lẹ́yìn pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀.

Ìsọ̀ Rùkáyàt ẹlẹ́ja ni alága kọ́kọ́ dúró sí. "Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àǹfààní ọjà láwùjọ?"

Rùkáyàt wo táì. Ó wo fáìlì. Ló bá figbe ta: "Agbowó-orí ti dé o!"

Lójú ẹsẹ̀, aṣọ bo ẹja. Obìnrin kan tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé báàgì kọ́pá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ẹja aládùúgbò rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo nìsọ̀ o, ọbẹ̀ ni mo wá rà."

"Tíṣà ni wá!" ni alága ń pariwo.

"Tíṣà wo ló ń wọ táì wá ra ẹja?" ni Rùkáyàt fi dá a lóhùn.

Àlhájì Tìrìmísíyù sá sẹ́yìn Waliyah. Waliyah na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ọmọ yín ni o, ẹ má lù ú!" Mùsílímátù fẹ̀yìn ti òpó, omijé ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Rùkáyàt, tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, ti dá a mọ̀.

"Mùsílímátù! Ìwọ lo kó wọn wá!"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú." Ó kúnlẹ̀.

Rùkáyàt yíjú sí alága. "Ẹ tú nǹkan ọrùn yẹn, kẹ́ ẹ jókòó."

Alága tú u. Orí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ ló jókòó sí. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń pín ìsọ̀, ó béèrè ẹni tó ń parí ìjà tí ọ̀rẹ́ méjì bá já oníbàárà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Rùkáyàt ń dáhùn, àwọn tó wà nítòsí ń já a nírọ́, ni ẹ̀rín bá sọ. Oúnjẹ ọ̀sán tutù sílẹ̀ dè wọ́n.

Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́, wọ́n kọ òmíràn: "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè bi àgbàlagbà ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, yóò sì lè ròyìn ohun tó gbọ́." Kò sẹ́ni tó jiyàn.

"Tíṣà Mùsílímátù," ni alága wí, "ẹ mọ̀ pé wọ́n máa sá, àbí?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Irọ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Ìbráhìm ọlọ́kadà, bàbá Ameerah tó wà ní kíláàsì kẹrin, já wọ kíláàsì Mùsílímátù. Ọmọ náà ti kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ti bi í pé ta ló ń dáná nílé àwọn, kí ló sì dé tó fi jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà. Ó ròyìn èsì rẹ̀ fún gbogbo ayálégbé. Láti ìgbà náà, ìyá Ameerah kò dé ìdí ààrò mọ́.

"Ẹ bá mi yọ ìbéèrè yẹn kúrò, Tíṣà."

"Ìjọba ló fọwọ́ sí i, Bàbá Ameerah. Kí lẹ wá ṣe?"

Ó họrí. "Mo se ẹ̀wà lánàá."

"Ó jinná?"

"Ó jóná díẹ̀," ni Ìbráhìm wí, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó wá èrò lọ sọ́nà Ìgbògbò.