Wọ́n Fẹ́ De Màmá Lọ́wọ́

Oúnjẹ ọ̀sán ni à ń jẹ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nílé wa ní Olódì-Àpápá, nígbà tí mo rí i pé omi ni màmá mi fi ń ti òkèlè kọ̀ọ̀kan wọlé.

"Ó ń há mi lọ́fun," wọ́n ní. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dọ́gbọ́n sí i.

Nígbà tá a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni dókítà pè é, ìyẹn kókó burúkú tó ń dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sínú ikùn. Ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Iṣẹ́ abẹ ò ràn án mọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹkún ò wá. Mo bi nọ́ọ̀sì pé níbo ni wọ́n ti ń ta omi.

Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú Màmá, kí oúnjẹ olómi lè máa gbabẹ̀ wọlé. Màmá fà á yọ. Nọ́ọ̀sì tún un kì, Màmá tún fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ ta sí ìrọ̀rí. Nọ́ọ̀sì wá mú báńdéèjì dé, ó ní ká gbà kí wọ́n de ọwọ́ wọn mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ dè é," Báyọ̀ àbúrò mi sọ. "Àǹtí, ṣé ká wá máa wò wọ́n kí ebi pa wọ́n kú ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. "Kí lẹ fẹ́, ma?"

"Orí mi pé. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ gbé mi lọlé."

Dókítà ní Màmá ló ni ara wọn. Ó ní ìtọ́jú ò tíì parí: òògùn ìrora ṣì wà, kì í ṣe láti wò wọ́n sàn, láti mú ara tù wọ́n ni. Báyọ̀ kọjú sí ògiri. Síbẹ̀, òun ló pọn Màmá sọ̀kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn.

Nílé, òwú tútù la fi ń nu ètè wọn. Wọn ò bèèrè oúnjẹ. Ọ̀sán ọjọ́ kan, èémí wọn ń jìnnà síra, ó sì dúró.

Bí ó bá kan ẹ̀yin náà, ẹ bi aláìsàn yín nígbà tó ṣì lè dáhùn. Èmi àti Báyọ̀ ò tíì sọ̀rọ̀ nípa rọ́bà yẹn. Ẹkún ò sì tíì dé.

Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Lábẹ́ ìdodo wọn ni mo ti rí àpá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi bí mi. N kò rí i rí. Mo nù ún gbẹ, mo ní, "Ẹ ṣé, ma."