Díìsì Tó Ti Fẹ́lẹ́

Lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò padà sílé ara rẹ̀ mọ́. Ó ní a kì í fi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. Ó ń gba àlejò tí n kò pè, bí mo bá sì pẹ́ nínú balùwẹ̀, á kan ilẹ̀kùn. Inú ọkọ̀ tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ nìkan ni mo ti lè dá wà. Ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń wà á láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ògèrè, màá sì padà. N kì í lọ kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí mo bá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, mo gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì wa. Ará ìjọ wa ni; bí oòrùn Jímọ̀ bá ti wọ̀, Sábáàtì ti dé, kò ní fọwọ́ kan irin mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi kí n tó ṣíná ọkọ̀.

Mẹkáníìkì tú táyà iwájú. Páàdì ṣì nípọn. Díìsì, àwo irin tí páàdì ń fún mọ́ra kí táyà tó lè dúró, ló ti jẹ wọnú. Etí rẹ̀ yọ sókè bí etí abọ́. Mẹkáníìkì ti fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀ rí kó lè tẹ́jú, nígbà ayé ìyàwó mi.

“Bàbá, mo lè bá yín fá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò ní gbọ̀n mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ti délé.”

“Tí o bá fá a, kí ló máa kù?”

Ó yẹ irin náà wò. “Á dín díẹ̀ sí ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin kì í sáré.”

“Ọkọ wa, ẹ jẹ́ ó fá a,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Àbí ẹ fẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ ogbó mi?”

Mo fẹ́ gbà. Sátidé ni ọ̀la, ọjọ́ tí mo máa ń dá wakọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí àwọn tírélà tó ń yà wọ Ògèrè láti ojú títì márosẹ̀. Irin tó fẹ́lẹ́ tètè máa ń gbóná, ó sì lè sán. Àwọn ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú ìyá wọn padà sí ìlú tí wọ́n ń gbé ni. Kò yẹ kí wọ́n tún fi ìròyìn ikú pè wọ́n.

“Pààrọ̀ díìsì iwájú méjèèjì,” mo wí.

“Ó di ọjọ́ Àìkú nìyẹn o, Bàbá. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ní Ṣàgámù, ilẹ̀ á ti ṣú.”

“Mo mọ̀.”

A fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì, a wọ takisí. Wọ́n fún wa mọ́ ẹ̀yìn débi pé n kò lè mira. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, awakọ̀ tẹ bíréèkì, irin sì ń ha irin.

“Ọkọ wa, ẹ gbọ́ ìyẹn? Ẹ bá a sọ̀rọ̀.”

“Awakọ̀, páàdì yín ti jẹ tán.”

“Bàbá, ó ti pẹ́ tó ti ń ké bẹ́ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi délé. Àwọn ará ìjọ tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ti gbé àga wa jáde fúnra wọn, wọ́n ti jókòó, wọ́n ń dúró dè mí.