Ìyàwó Méjì Nínú Fótò Kan

Mo ti jowú òkú rí. Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú òkú tó jẹ́ fún yín.

Ìbejì ni èmi àti èkejì mi. A ò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa tó fi lọ. Ibà ni àbí ìgbóná, ẹnì kankan ò sọ ọ́ fún mi tààrà. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé wọn kì í sọ nílé wa pé ìbejì kú. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ó lọ sí Èkó. Ká ní ìlú tó jìnnà réré ni wọ́n bí mi sí, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá mọ níwọ̀n. Ọ̀tà ni wọ́n bí mi sí! Ẹnu ọ̀nà wa ni bọ́ọ̀sì Èkó ń gbà kọjá, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á so rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, á máa pariwo Èkó, Èkó, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ. Àwọn ará ilé wa á lọ láàárọ̀, wọ́n á gbé búrẹ́dì dé nírọ̀lẹ́. Èmi náà á wá jókòó, màá máa rò ó pé kí ló dé tí tèmi ò lè wọkọ̀ kó wá kí wa. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ó ń jayé níbẹ̀ ni.

Ìpín rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ nínú ilé. Bí ìyá mi bá máa rán aṣọ Iléyá fún mi, irú rẹ̀ méjì ló máa rán. Èmi á wọ ọ̀kan, ọ̀kan yòókù á wọ inú àpótí lọ. Bí wọ́n bá pín ẹran, wọ́n á mú tirẹ̀ sọ́tọ̀, ọmọ aládùúgbò kan ni wọ́n á sì pè wá jẹ ẹ́ níṣojú mi. Tí mo bá ní kí wọ́n fi kún tèmi, ìyá mi á ní, "Ti èkejì rẹ ni. Tó bá dé ńkọ́?" Èmi ni mo ń fọ abọ́. Èmi ni mo ń pọnmi. Èmi ni wọ́n ń nà. Ẹni tó wà ní Èkó ò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ rí, òun sì ni ọmọ dáadáa. Irú kí lèyí?

Ní Iléyá kan, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá onífótò kan nínú Ọ̀tà. Bàbá náà fi mí jókòó sí apá kan àga gígùn kan, ó yà mí. Ó ní kí n sún sí apá kejì, ó tún yà mí. Mo rò pé ti àkọ́kọ́ ló bàjẹ́ ni. Nígbà tí fótò dé, ọmọ méjì ló jókòó lórí àga yẹn, aṣọ kan náà, bàtà kan náà. Ìyá mi gbá a mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ àti èkejì rẹ rèé."

Háà! Ó wá! Ó ti Èkó wá, ó jókòó tì mí, ó ya fótò, ó sì padà láìkí mi! Mo fi igbe ta. Mo sáré bọ́ sí títì, mo sọ òkúta lu bọ́ọ̀sì Èkó tó kọ́kọ́ kọjá. Ìyá mi nà mí dáadáa nítorí òkúta yẹn. Wọn ò na ẹnì kejì, ó ti padà sí Èkó.

Ilé kéú ni ọmọbìnrin kan ti wá là mí lóye. Ó ní, "Èkejì ẹ ti kú, gbogbo èèyàn ló mọ̀." Mo gbá a létí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ẹ máa rò pé owú náà tán níbẹ̀. Kò tán o, ńṣe ló burú sí i. Ẹni tó wà ní Èkó, èèyàn lè dúró dè é kí ẹ jọ fa á. Ẹni tó ti kú ò ní í fọ́ abọ́ mọ́, kò ní í fèsì sí ìyá ẹ̀, kò ní í pẹ́ níbi tí wọ́n rán an. Báwo ni mo ṣe fẹ́ borí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú ìyá mi?

Ìgbà Sáàpù, nígbà tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́dìí, ni mo fẹ́ lọ́kọ. Ilé-iṣẹ́ tí a ti ń hun àpò ni mo wà ní Sango, àfẹ́sọ́nà mi wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìkòkò, ọmọ Ọ̀ṣun ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbọn òṣìṣẹ́ dànù bí ẹni gbọn eruku ẹní. Tí o bá dé géètì láàárọ̀ tí wọ́n ṣí i fún ọ, alihamudulilahi lo máa kọ́kọ́ ṣe. Wọn ò tíì lé àwa méjèèjì, a sì ti gbà pé a ò ní í ṣe ìgbéyàwó aláriwo. Mi ò bínú sí ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: fótò kálà tó dáa, èmi nínú léèsì mi, ẹyọ èmi kan. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sí fótò kan lára ògiri ìyá mi tó jẹ́ tèmi nìkan.

Onífótò kan ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ilo-Awela, ó kó fótò àwọn ìyàwó sínú gíláàsì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo máa ń dúró wò wọ́n. Mo jowú àwọn yẹn náà, mi ò ní í purọ́ fún yín. Gèlè pupa, ẹnu pupa, òdòdó pupa, olúkúlùkù sì dá dúró ní tiẹ̀. Mo fa àfẹ́sọ́nà mi lọ́wọ́ wọlé.

Onífótò náà ṣàlàyé pé òun kọ́ ni òun ń fọ fótò kálà. Ó ní Èkó ni àwọn ń kó fíìmù lọ, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó lè tẹ èèyàn kan ní méjì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹni tí kámẹ́rà bá rí ló máa tẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ ìbejì o."

"Ìwọ gan-an ni mo fẹ́!"

Àfẹ́sọ́nà mi yíjú sí mi. "Ta lo fẹ́?"

Ẹ̀wà ni ìyá mi ń ṣà nígbà tí mo délé sọ fún un. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Fótò kálà dáa. Èkejì rẹ ńkọ́?"

"Màámi, èmi nìkan ni mò ń lọ sílé ọkọ."

"Ta ló ní òun náà ń lọ? Fótò ni mo sọ."

"Ẹ̀rọ Èkó ò lè ṣe é."

"Bàbá Ọ̀tà lè ṣe é."

"Dúdú àti funfun? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi? Màámi, ayé ti kúrò níbẹ̀ jọ̀ọ́."

Ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ká wá máa jẹ, ká máa mu, kí òun jókòó sí Èkó kó máa wò wá lókèèrè? Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kì í sọ nílé wa ti dé ahọ́n mi, ìbínú ló gbé e wá. Mo gbé e mì.

Ẹni tó wá dá kún un ni àfẹ́sọ́nà mi. Ó ní kí n jẹ́ kí bàbá náà wá, kó ya tiẹ̀, kí onífótò kálà náà ya tiẹ̀. Ó tún wá ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni mo fẹ́ tún wá?" Mo ní, "Ìyàwó mélòó?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ṣíwájú ẹ̀ rìn láti Ilo-Awela dé géètì ilé-iṣẹ́ wọn. Ẹni tí kò rí i sójú rí, ó ti fẹ́ gba ìdajì ẹ̀ lọ́wọ́ mi!

Bí onífótò méjì ṣe wá síbi ìgbéyàwó mi nìyẹn. Wọ́n so yìgì wa láàárọ̀. Onífótò kálà yà wá bí àfáà ṣe ń ṣàdúà lé wa lórí, ó yà wá bí ọkọ mi ṣe ń fi òrùka bọ̀ mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí n gbé ojú sókè díẹ̀. Iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì. Ó ní, "Àǹtí, eléyìí máa dáa gan-an ni." Mo mọ̀ pé òun nìyẹn. Tèmi nìyẹn.

Bàbá Ọ̀tà gbé kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ sí àgbàlá, pẹ̀lú aṣọ dúdú tó máa ń kì orí bọ̀. Ó ní kí ọkọ mi yẹra.

Mo ní, "Bàbá, ọkọ ìyàwó ni. Ẹ jẹ́ kó dúró tì mí."

"Tó bá dúró ti ọ̀kan, ọ̀kan yòókù ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ ká rẹ́ ẹ jẹ ni?"

Ọkọ mi ní, "Bàbá, mo lè dúró sáàárín wọn." Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó rọra kó ara ẹ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà.

Mo jókòó sápá òsì àga, mo fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Bàbá ya ìyẹn. Ó ní, "Ó yá, èkejì rẹ ló kàn." Mo sún sápá ọ̀tún. Léèsì mi, gèlè mi, ìlẹ̀kẹ̀ mi, gbogbo ẹ̀ ló tún máa bá mi wọ̀. Mo bá fajú ro bí ẹni tí wọ́n rọ àgbo fún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bàbá yọrí lábẹ́ aṣọ. "Ìyàwó, tújú ká."

"Bí tiẹ̀ ṣe rí nìyẹn, Bàbá. Inú ẹ̀ ò dùn."

Bàbá wò mí títí, ó tún kirí bọ aṣọ. Kó burẹ́wà lára ògiri ìyá mi títí láé, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mi ò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí dòní.

Fótò Bàbá ló kọ́kọ́ dé. Ó ti fi páálí bo ìdajì bébà, ó tẹ ọ̀kan, ó tún bo ìdajì kejì, ó tẹ èkejì, o ò ní í mọ ibi tó ti so wọ́n pọ̀. Ìyàwó méjì lórí àga kan, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan fajú ro, ọkọ ò sí níbẹ̀. Ìyá mi gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ó fi ìka kan ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

"Èkejì rẹ rèé. Wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn sí ọ! Kò bínú rárá." Ó gbé ìka sún sí ẹnì kejì. "Ìwọ rèé. Mo mọ ojú yìí. Láti kékeré lo ti ń fà á ro sí mi."

"Màámi, èmi ni mò ń rẹ́rìn-ín!"

"Èmi tí mo bí yín lo fẹ́ kọ́?"

Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń fi hàn, ó ń ní ẹ wo bí èkejì ọmọ mi ṣe lẹ́wà tó. Ẹ gbà mí o! Ẹ̀rín mi ló gbà lọ, ó wá fi ojú kíkorò sílẹ̀ fún mi. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé kí fótò kálà ṣáà dé ná.

Mo ń lọ sí Ilo-Awela, mo ń bọ̀. Ohun tí onífótò ń sọ fún mi ni, "Àǹtí, ó ṣì wà ní Èkó." Mo tún lọ. "Ó ṣì wà ní Èkó." Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Ó ní ibi tí àwọn ń kó fíìmù lọ ti kógbá sílé, wọn ò rí bébà àti oògùn tí wọ́n fi ń fọ fótò rà mọ́, ẹni tó ni ín ti ti ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó mọ ibi tó gbà. Fíìmù wa wà nínú ibẹ̀. Mo fà á lọ́rùn ẹ̀wù. Ọkọ mi ló já mi kúrò lára rẹ̀. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ní, "A jẹ́ pé wọn ò ní í gbà pé mo débi ìgbéyàwó mi." Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, kò bọ́ sí i.

Ilé ìyá mi ni mo gbà lọ. Ó ń gé ilá lọ́wọ́. Ó ní, "Fótò rẹ ńkọ́?"

Mo lanu. Ohun tó jáde ni, "Ó lọ sí Èkó."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá mi. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Ó dìde, ó fi etí aṣọ nuwọ́, ó wọ yàrá lọ. Ó mú ìṣó kan àti òòlù kékeré tó fi ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìṣó náà mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò àwa méjì.

Ó ní, "Tó bá dé, ibí la máa gbé e kọ́."

Gbogbo ayé mi ni mo ti ń gbọ́ "tó bá dé" yẹn, wọn ò sọ ọ́ nítorí nǹkan tèmi rí. Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí ó ń bí mi sí mọ́.

"Màámi, kò ní í dé mọ́."

"Mo mọ̀," ìyá mi wí. Ó tún gbá ìṣó náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè wọlé dáadáa.