Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Ilé Wa

Káfíńtà ni bàbá mi. Ìka-kan-tó ni wọ́n ń pè é, torí tó bá gbé ilẹ̀kùn kọ́ tán, ìka kan ṣoṣo ló máa ń fi tì í. Tí kò bá padé wọ́ọ́rọ́wọ́, á tú u palẹ̀, á tún un ṣe. Kò kàwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, onítọ̀hún sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé. Bàbá mi ní, "Ọmọ ìyá mi ni. Ṣé ó máa rẹ́ mi jẹ ni?"

Ó kọ́lé náà, ó kan gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, igi líle ni gbogbo wọn. Ti balùwẹ̀ ń ṣí síta tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan bàbá mi tì í jáde, ó gbá màmá mi tó ń gbé omi gbígbóná kọjá. Omi náà bó o láyà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá mi yí ilẹ̀kùn padà, ó wá ń ṣí sínú. Àìsàn mìíràn ló padà pa màmá mi.

Lóṣù tó kọjá, bàbá mi ṣubú ní balùwẹ̀. Ara rẹ̀ dí ilẹ̀kùn. Mo tì í, kò gbà. Bí mo ṣe ń tì í, orí rẹ̀ ni mò ń gbá. Ó ní, "Rọra, ọmọ mi." Àbúrò mi obìnrin gbé àáké wá. Àáké ń ta padà lára igi. Kí n tó là á, bàbá mi ti dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jẹ́ kí erùpẹ̀ sàréè gbẹ. Ó fi ilẹ̀kùn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí balùwẹ̀, ó mú ajẹ́ntì wá pẹ̀lú obìnrin oníṣòwò kan tó fẹ́ ra ilé. Ó ní kí n panu mọ́. "Tó o bá lanu, ìta lẹ ó sùn." Bẹ́ẹ̀ tó bá ta ilé, ìta náà ni.

Ajẹ́ntì ń pọ́n àdúgbò lé. "Màmá wa, ọ̀dà tuntun ni títì yẹn. Ilé ìwé rèé. Ọjà ò jìnnà. Ẹ yọjú lójú fèrèsé balùwẹ̀ yìí, ẹ wo ilé ìwòsàn! Tẹ́ ẹ bá sín níhìn-ín, dókítà á ní ẹ pẹ̀lẹ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. "Kí ló dé tí eléyìí yàtọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí bíi kó gbé mi mì. Mo ní, "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ibí ni bàbá wa kú sí, mà. A ò ráyè wọlé."

Mo rò pé obìnrin náà máa sá.

Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Bàbá, ilé òkú lẹ fẹ́ tà fún mi lówó gọbọi? Ẹ já owó ẹ̀ wálẹ̀ o. Èmi ò bẹ̀rù òkú. Ọjà ni mo fẹ́ kó síbí, ọjà kì í wẹ̀."

Ajẹ́ntì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Wọ́n já a wálẹ̀ fún un.

Obìnrin náà ní, "Kẹ́ ẹ yọ àwọn ilẹ̀kùn igi yìí. Irin ni mo fẹ́."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nàka sí mi. "O ti fẹnu ẹ ba owó mi jẹ́. Àwọn ilẹ̀kùn yẹn ni ogún ẹ. Máa kó wọn lọ."

Èmi ni mo yọ wọ́n, àbúrò mi ń bá mi dì wọ́n mú. Yàrá kan la wà báyìí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn ilẹ̀kùn náà kò gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọlé. A tò wọ́n ti ògiri níta. Òjò ń pa wọ́n. Lánàá mo fi ìka kan ti ọ̀kan nínú wọn. Ó ṣubú lulẹ̀.