Màmá Sísọ́ọ̀sì Ò Fẹ́ Àánú

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú bí Màmá Sísọ́ọ̀sì, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ní, "Màmá, ẹ rọra o," bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí ẹ sì tètè wá ibi sá sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn awakọ̀, òun ni olórí àwọn agéṣọ, kò sì sẹ́ni tó ń rọra bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń bá a jiyàn, wọ́n ń bá a fa ọ̀rọ̀, òun náà ń dá a padà fún wọn ní gbígbóná. Á tẹ́ aṣọ léra wọn lórí tábìlì gígùn kan, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, á wá ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ láìwẹ̀yìn. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé bí aránṣọ bá ṣe àṣìṣe, ó lè tú u, ṣùgbọ́n bí àwọn agéṣọ bá ti gé e, wọ́n ti gé e nìyẹn.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló da gbogbo rẹ̀ rú. Kò kúkú bá a jà púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ náà ò gbẹ́yìn, dókítà sì ní kó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, á fẹ́ pe òwú, bọ́tìnnì ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Alábòójútó ilé iṣẹ́, obìnrin tí Màmá fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, wá ní kó kọ́kọ́ jókòó sídìí bọ́tìnnì ná, kó máa ṣa èyí tó ti sán kúrò nínú èyí tó dáa. Ó ní tábìlì agéṣọ ò sá lọ, ọjọ́ tí Màmá bá ti ní òun lè ṣe é, kó dìde kó lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé Màmá gan-an kò mọ̀ bóyá òun lè ṣe é. Bí èèyàn bá gé aṣọ tí wọ́n tẹ́ léra bẹ́ẹ̀ sódì, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣé orí òun ṣì pé? Ta ni yóò sọ òótọ́ fún òun? Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ní ó pé dáadáa. Ọmọ yìí kan náà ló sì ń bá a ṣí ìdérí ìgò omi láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tó rò pé kò lè purọ́ fún òun ni ṣẹ́ẹ̀sì, ayò orí pátákó tí wọ́n ti ń fi olorì, ẹṣin, bíṣọ́ọ̀bù, ilé-ìṣọ́ àti ọmọ ogun lé ọba ara wọn pa. Tábìlì ṣẹ́ẹ̀sì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́, Bàbá Alọṣọ, tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ tí wọ́n bá rán tán, sì ni ọ̀tá rẹ̀ nídìí ẹ̀. Ọ̀tá tí wọ́n jọ ń mu tíì ni o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń na ara wọn. Bí wọ́n bá borí Bàbá, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi lọ sílé.

Láti ìgbà tí Màmá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń borí ṣáá. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ ń dùn. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó gbàgbé ẹṣin rẹ̀ síwájú olorì Bàbá láìsí ohunkóhun tó gbèjà rẹ̀. Bàbá rí i. Màmá rí i pé ó rí i. Ni Bàbá bá wòkè, ó húkọ́, ó sì sún ọmọ ogun kan tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá wọ egungun. Gbogbo ayò tó ti ń jẹ, ṣe ni wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́.

Ó gbé e sọ́kàn lọ sídìí bọ́tìnnì. Bó bá bá Bàbá jà, Bàbá á búra pé irọ́ ni, á sì tún fojú àánú wò ó. Bó bá rọra ta ayò tó dáa, Bàbá á rọra gbà kó borí. Ibi tó wá parí èrò rẹ̀ sí ni pé ara Bàbá ló balẹ̀ jù. Bí òun bá fún un ní nǹkan jẹ, tí nǹkan ìjà rẹ̀ fi pọ̀ ju ti òun lọ, tí òun wá ń lé ọba rẹ̀ kiri lójú àwọn èèyàn, ibo ni yóò ti ráyè ṣàánú? Bí òun bá sì borí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé orí òun ṣì pé.

Ọjọ́ Ẹtì ló ṣe é. Iṣẹ́ máa ń tètè parí lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ á sì jókòó sí yàrá ìjẹun de ọkọ̀. Alábòójútó náà wà níbẹ̀. Bàbá ti ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ó ti jẹ́ kí olorì rẹ̀ gbafẹ́ lọ sí apá ibi tí ìjà kankan ò sí. Màmá gbé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi jẹ ọmọ ogun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba Bàbá, ó ní kí Bàbá ṣọ́ ọba rẹ̀.

Ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì díẹ̀ rí i pé ọba lásán lè jẹ bíṣọ́ọ̀bù yẹn, pé ọmọ ogun kan ò sì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ sọ bíṣọ́ọ̀bù nù. Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Alábòójútó bojú wo ilẹ̀. Màmá wá ń bi ara rẹ̀ léèrè. Bó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ òwú àti bọ́tìnnì náà ńkọ́? Bí ọ̀nà tí òun rí lórí pátákó yìí kò bá sí níbẹ̀ rárá?

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ dá a padà. Ojú yín ló fò ó."

"Ẹ jẹ ẹ́."

"Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ kàn—"

"Mo ti gé e, Bàbá. Ẹ jẹ ẹ́, àbí kí n dìde, kí n má jókòó síwájú yín mọ́ láyé."

Bàbá jẹ ẹ́ tìbànújẹ́-tìbànújẹ́. Ẹṣin Màmá fò jáde, ọba sá padà. Olorì Màmá tẹ̀ lé ẹṣin náà, ó dúró kángun sí ihò tí ọmọ ogun yẹn fi sílẹ̀. Bàbá na ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fà á wọ̀, ó sì fa àga mọ́dìí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹṣin rẹ̀ kan wálé, ẹṣin náà dí ihò, ó sì tún dojú kọ olorì Màmá lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá kò ro ti èyí. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ẹni tó ń ṣàánú kò lè ta irú ayò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fa olorì sẹ́yìn báyìí, bíṣọ́ọ̀bù ti lọ lásán, ìdí bọ́tìnnì ni yóò wà títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ó dijú mọ́rí. Ó wo pátákó náà títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ìgbà náà ló rí ilé-ìṣọ́ rẹ̀, tó dúró jẹ́ẹ́ lójú ọ̀nà tó là gbọọrọ dé ọ̀dọ̀ ẹṣin yẹn. Ó fi ilé-ìṣọ́ jẹ ẹṣin.

"Ó tún fẹ́ sọ ìyẹn náà nù," ẹnì kan sọ lẹ́yìn.

Bàbá nawọ́ sí ilé-ìṣọ́ náà, ó sì yára fawọ́ padà. Ó ti rí i pé bí òun bá jẹ ẹ́, olorì Màmá á wọ inú ihò, ó parí. Òógùn bò ó níwájú orí. Ó ṣí ọ̀nà kí ọba rẹ̀ lè sá, ọba sì sá lóòótọ́, Màmá ń gbá tẹ̀ lé e. Bàbá dẹ pàkúté kan fún un, pàkúté ìkà, Màmá rí i ó sì yà á sílẹ̀. Àárín gbangba, níbi tó jìnnà sílé, ni ọba Bàbá kú sí, olorì rẹ̀ ṣì wà níbi tó gbafẹ́ lọ.

Bàbá gbá tábìlì. "Irú ìwọ̀sí wo lèyí? Ẹ tò ó, ẹ tò ó kíá. Mi ò ní ṣàánú yín mọ́ rárá."

Ó ti sọ ọ́ kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Màmá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí látọjọ́ tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn, kò tíì sí ẹni tó bínú sí i. Ó yíjú sí alábòójútó, ó ní lọ́jọ́ Ajé, ìdí tábìlì agéṣọ ni òun máa wà. Alábòójútó ní ó dáa, òun á sọ fún àwọn agéṣọ.

Nínú ayò kejì, Bàbá Alọṣọ fojú Màmá gbolẹ̀. Ó jẹ olorì rẹ̀, ó jẹ ẹṣin rẹ̀ méjèèjì, ó lé ọba rẹ̀ dé kọ̀rọ̀, ó sì pa á síbẹ̀. Màmá Sísọ́ọ̀sì wo ọba tó dojú bolẹ̀ náà, ó wá gbójú sókè.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí.