Owó Ìrànwọ́ Àgbẹ̀ Tó Bá Bàbá Oko ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìtọ́jú ojú ló gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá sí Èkó kí kónílé-ó-gbélé ìgbà Kòrónà tó ká wọn mọ́ ọ̀dọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lápá Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe àgbẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo agbo ilé fi ń pè wọ́n ní Bàbá Oko. Yàrá mi ni wọ́n dé sí. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo rí ẹni tí màá máa da ìbéèrè bò.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ọkàn wọn balẹ̀. Òjò ti ń rọ̀, koríko ń hù, wọn ò sì sí lóko. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ ro ti àgbàdo yín ni?"

Wọ́n ní, "Àáró wà ńlẹ̀. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe é. Tó bá kan oko mi, wọ́n á bá mi ro ó. Tí mo bá dé, màá ro tiwọn padà."

Léèsì ni mo ń tà ní Ọjà Balógun, mi ò sì lè fi ìsọ̀ mi sílẹ̀ fún aládùúgbò kí n lọ tọ̀. Irú iṣẹ́ wo lèèyàn ń ṣe fún ẹni tí kò sí nítòsí? Mo bi wọ́n títí wọ́n fi ní kí n lọ sùn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró wọn pè: àwọn ìjọba wà lóko, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n máa fún lówó ìrànwọ́, kí Bàbá fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Èmi ni mo bá wọn tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Nígbà tó yá, alẹ́ẹ̀tì wọlé. Mo hó yèè! Bàbá pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí àwọn jọ yọ̀, ibẹ̀ la ti gbọ́ pé àwọn mẹ́rin yòókù ò rí kọ́bọ̀.

Mo tú ọ̀rọ̀ náà wò títí ó fi yé mi. Oko Bàbá ni àáró kàn lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Ó bá ọkùnrin mẹ́rin lórí oko kan ṣoṣo, ó béèrè ẹni tó ni ín, wọ́n dárúkọ Bàbá. Ó ní kí ni wọ́n wá ń ṣe níbẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ Bàbá ni. Ó bá kọ Bàbá sílẹ̀ ní àgbẹ̀, ó ka àwọn yòókù sí alágbàṣe, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Wọ́n rò pé yóò dé oko tiwọn lọ́jọ́ kejì. Kò padà wá.

Láti ìgbà náà, Bàbá ò jẹun kánú mọ́. Wọ́n pe fóònù àwọn mẹ́rin náà títí, ẹnì kankan ò gbé e. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn ò sì fi pa mọ́ fún mi.

"Wọ́n á ní mo jókòó sí Èkó, mo ń jẹ òógùn àwọn. Ẹnìkan kì í jẹ́ 'àwá dé'. Tí wọ́n bá yọ mí nínú àáró, pẹ̀lú ojú tí mo ní yìí, oko ti parí nìyẹn."

Bí ìjọba ti ṣí ọ̀nà, a gba owó náà ní báńkì, mo sì tẹ̀ lé wọn lọ sóko. Kí n má parọ́, ojúmìító ló gbé mi débẹ̀. Àwọn mẹ́rin náà kí wa, ọ̀rọ̀ ò sì kọjá kíkí. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n pín owó náà sọ́nà márùn-ún níṣojú gbogbo wa. Kálukú mú tirẹ̀.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ki tirẹ̀ bọ àpò. Ó ní, "A dúpẹ́. Ti ìjọba nìyẹn. Oko mẹ́rin tí o jẹ wá ní ríro ńkọ́?"

Bàbá bú sẹ́kún. Inú ẹkún náà ni wọ́n ti ń béèrè pé oko ta ló kàn lọ́la.